Àmì Àtúnṣe Nínú Ìwé Tí Ọ̀pọ̀ Ọwọ́ Kọ

Àwọn àgbà a máa wí pé, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Òtítọ́ ni èyí nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Òtítọ́ ni pẹ̀lú nínú ìwé kíkọ. Ojú ẹni tí ó kọ ìwé kì í tètè rí àṣìṣe ọwọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ìwé wa lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ pé, "Jọ̀wọ́, bá mi wò ó." Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ti di méjì, tí ó di mẹ́ta, tí ó sì di márùn-ún lórí ìwé kan ṣoṣo, ìyọnu mìíràn dé. Ta ni ó pa ọ̀rọ̀ yìí rẹ́? Ta ni ó fi èyí kún un? Èwo ni gbogbo wa ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí, èwo sì ni ó kù tí a ó jíròrò?

Gbogbo olùkọ́ tí ó ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn ilé-ìwé tàbí ètò ìsìn ìkórè lórí kọ̀ǹpútà ni ó mọ ìyọnu yìí. Ẹ̀rọ náà ní ọgbọ́n kan tí ó fi ń ràn wá lọ́wọ́: bí a bá pàṣẹ fún un, yóò máa fi àmì sí gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá yí padà. Yóò fa ìlà la ọ̀rọ̀ tí a yọ kúrò, yóò fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi kún un, yóò sì kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọgbọ́n ọjọ́ òní ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ti lé ní 2,200 ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wá bí a ó ti tún ìwé ṣe láìpa ẹ̀rí àtúnṣe náà run. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí pé àṣìṣe tí a ń ṣe lónìí lórí kọ̀ǹpútà, àwọn ará ìṣáájú ti ṣe é rí lórí awọ àti lórí pépà, wọ́n sì jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì. Níbẹ̀ ni àwọn ọba tí a ń pè ní Ptolemy kọ́ ilé ńlá kan tí wọ́n ń kó ìwé jọ sí. Láti ìlú púpọ̀ ni àwọn ìwé ewì Homer ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò bá ara wọn mu: ìlà tí ó wà nínú ọ̀kan kò sí nínú èkejì. Zenodotus ará Éfésù, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe olórí ilé ìwé náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Olúwa wa, ni iṣẹ́ náà já lé lórí. Nígbà tí ó bá rí ìlà kan tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń pa á rẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ni ó fi sílẹ̀ ní ipò wọn, tí ó sì fa ìlà kékeré kan ní ìdúbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwọn Gíríìkì ń pe àmì yìí ní obelos, èyí tí í ṣe orúkọ igi tí a fi ń yan ẹran lórí iná. Ohun tí àmì náà ń wí fún òǹkàwé ni pé, "Èmi kò gbà pé Homer ni ó kọ èyí, ṣùgbọ́n ìwọ náà wò ó."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Aristarchus ará Sámótírákè dìde, ẹni tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 144 ṣáájú ìbí Olúwa. Òun náà lo àwọn àmì mìíràn pẹ̀lú ti ìṣáájú, títí kan àmì ìràwọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ nínú ìwé títí di òní. Kò sì fi àmì sílẹ̀ lásán. Ó kọ ìwé àlàyé lọ́tọ̀, nínú èyí tí ó ti sọ ìdí tí ó fi fi àmì sí ìlà báyìí báyìí. Ẹ kíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Ṣíṣe iyèméjì sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kò túmọ̀ sí pé kí a pa á run. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ tako ọ̀rọ̀ gbọdọ̀ sọ ìdí rẹ̀.

Láti ìlú kan náà ni ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ nínú ìtàn yìí ti wá. Origen ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní Alẹkisáńdíríà ní nǹkan bí ọdún 185 lẹ́yìn ìbí Olúwa, ó sì lo ìgbà ìkẹyìn ayé rẹ̀ ní Kesaréà ní ilẹ̀ Palẹ́sítínì. Ní ọjọ́ rẹ̀, Májẹ̀mú Láéláé ní èdè Gíríìkì ni ó wà lọ́wọ́ àwọn Kristẹni, ìtumọ̀ tí a ń pè ní ti àwọn Àádọ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń bá àwọn Júù jiyàn, a máa já sí ìtìjú fún wọn. Nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kà jáde, àwọn Júù a wí pé kò sí nínú ìwé Hébérù, àti pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú Hébérù tí Gíríìkì kò ní.

Kí ni Origen yóò ṣe? Bí ó bá yí ìwé Gíríìkì padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, àwọn ìjọ tí ó ti ń kà á láti ìgbà àwọn baba wọn yóò bínú. Bí ó bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kò ní tán. Ó wá tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́fà, bí òpó mẹ́fà tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Hébérù ni ó wà ní èkíní. Hébérù kan náà tí a fi lẹ́tà Gíríìkì kọ ni ó wà ní èkejì. Ìtumọ̀ Aquila ni ẹ̀kẹta, ti Symmachus ni ẹ̀kẹrin, ti àwọn Àádọ́rin ni ẹ̀karùn-ún, ti Theodotion sì ni ẹ̀kẹfà. Nítorí èyí ni a ṣe ń pè é ní Hexapla, èyíinì ni ìwé alápá mẹ́fà.

Nínú òpó karùn-ún ni ó ti lo àwọn àmì tí àwọn ará Alẹkisáńdíríà ti ń lò fún Homer. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú Gíríìkì tí kò sí nínú Hébérù, kò yọ ọ́ kúrò. Ó fi àmì obelos sí i. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá wà nínú Hébérù tí kò sí nínú Gíríìkì, ó mú un láti inú ìtumọ̀ ẹlòmíràn, pàápàá ti Theodotion, ó fi í kún un, ó sì fi àmì ìràwọ̀ sí iwájú rẹ̀. Ó tún ní àmì kẹta, tí ó ń fi ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí hàn, kí òǹkàwé má baà ṣi ibi tí àfikún dúró mọ̀. Èyí gan-an ni ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fún wa lónìí: ọ̀rọ̀ tí a fi kún un hàn, ọ̀rọ̀ tí a kò gbà hàn, ìpìlẹ̀ ìwé náà sì wà síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ìwé náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn kò lè máa da gbogbo rẹ̀ kọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, Pamphilus ajẹ́rìíkú àti Eusebius ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú òpó karùn-ún nìkan, wọ́n sì mú kí a dà á kọ fún àwọn ìjọ. Ọwọ́ wọn mọ́, ìfẹ́ wọn sì dára. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn adàwékọ mìíràn dìde tí wọn kò mọ ìtumọ̀ àmì wọ̀nyí. Wọ́n rí ìlà wẹ́wẹ́ àti ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ nínú ìwé, wọ́n sì rò pé ohun ọ̀ṣọ́ tàbí ìdọ̀tí ni. Wọ́n da ọ̀rọ̀ kọ, wọ́n sì fi àmì sílẹ̀.

Háà, ẹ̀yin ará, àdánù náà pọ̀! Nígbà tí àmì ìràwọ̀ ti lọ, ọ̀rọ̀ tí Origen mú láti ọ̀dọ̀ Theodotion dà bí ẹni pé àwọn Àádọ́rin ni ó kọ ọ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí obelos ti lọ, kò sí ẹni tí ó lè mọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún mọ́. Ìwé tí a ti pò pọ̀ yìí tàn kálẹ̀, a sì dà á pọ̀ mọ́ àwọn ìwé mìíràn tí Origen kò fọwọ́ kàn rí. Ohun tí ó ṣe kí ìyàtọ̀ lè hàn kedere ni ó wá di ohun tí ó bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀. Kì í ṣe àtúnṣe rẹ̀ ni ó ba iṣẹ́ jẹ́, bí kò ṣe àìbìkítà àwọn tí ó pa àmì rẹ̀ tì. Odidi ìwé Hexapla náà kò sí mọ́ lónìí. Àfọ́kù rẹ̀ nìkan ni ó kù. Ohun tí a sì mọ̀ jù lọ nípa àwọn àmì náà wá láti ọwọ́ àwọn tí ó fi sùúrù dà wọ́n kọ, pàápàá Paul, bíṣọ́ọ̀bù Tella, ẹni tí ó túmọ̀ òpó karùn-ún sí èdè Síríà ní nǹkan bí ọdún 616 sí 617 tí ó sì pa àwọn àmì náà mọ́. Láti ìgbà náà wá ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń lo iṣẹ́ rẹ̀ láti fi mọ ohun tí ó jẹ́ ti Origen àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Jerome, ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn, kọ́ ẹ̀kọ́ nínú èyí. Nígbà tí ó wà ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, ó tún ìwé Orin Dáfídì ní Látìn ṣe, ó sì lo obelos àti ìràwọ̀ bí ti Origen. Ṣùgbọ́n kò gbẹ́kẹ̀lé pé olúkúlùkù yóò mọ̀ wọ́n. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí iwájú ìwé náà, ó ṣàlàyé ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí àti ibi tí agbára rẹ̀ dé, ó sì bẹ àwọn adàwékọ pé kí wọ́n má ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Àmì tí a kò ṣàlàyé, bí odi ni ó rí láàárín ọjà: ó mọ ohun tí ó fẹ́ wí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Júù tí a ń pè ní Masorete, tí àwọn olókìkí inú wọn wà ní Tìbéríà létí òkun Gálílì, gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò jẹ́ fi ọwọ́ kan lẹ́tà kan nínú Ìwé Mímọ́, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni a ń kà ní sínágọ́gù. Wọ́n fi èyí tí a kọ sílẹ̀ nínú ìwé, wọ́n sì kọ èyí tí a ń kà sí etí ìwé, kí òǹkàwé lè rí méjèèjì. Bíbélì Hébérù kan tí a kọ ní ọ̀nà yìí ní ọdún 1008 wà ní ìlú St Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà títí di òní, ọ̀rọ̀ etí ìwé rẹ̀ sì wà síbẹ̀ láìparẹ́.

Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé, iṣẹ́ àmì yí padà díẹ̀. Ẹni tí ó ń to lẹ́tà òjé lè ṣì í tò. Nítorí náà a kọ́kọ́ máa ń tẹ ìwé kan jáde fún àyẹ̀wò, olùyẹ̀wò a sì fi yíǹkì kọ àtúnṣe sí etí rẹ̀. Ní ọdún 1608 ni a tẹ ìwé Hieronymus Hornschuch jáde ní Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì, láti fi kọ́ àwọn olùyẹ̀wò ní iṣẹ́ wọn. Nínú àwọn àmì tí àwọn atẹ̀wé ń lò, ọ̀kan wà tí a fà yọ láti inú lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí "kí a pa á rẹ́." Òmíràn sì wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀: bí olùyẹ̀wò bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́ tí ó sì ronú pìwà dà, yóò to ẹsẹ̀ kékeré sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà, yóò sì kọ stet sí etí ìwé, èyíinì ni, "jẹ́ kí ó dúró." Ọmọlúwàbí ni ẹni tí ó lè kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀gbẹ́ àṣìṣe ara rẹ̀.

Àwa pẹ̀lú nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bíbélì tí a ń kà kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kan. Samuel Ajayi Crowther ni aṣáájú. Thomas King bá a ṣe é. Àwọn òjíṣẹ́ mìíràn sì fi ọwọ́ tiwọn kún un. Ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850, odidi Bíbélì jáde ní ọdún 1884, a sì tún un ṣe ní ọdún 1900. Níbi tí ọwọ́ ti pọ̀ tó báyìí, bí olúkúlùkù ti ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ yàtọ̀. Nítorí náà ni a ṣe pe ìpàdé kan jọ ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1875, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther sì jẹ́ alága rẹ̀, láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá. Àwa tí ẹsẹ̀ kékeré abẹ́ lẹ́tà àti àmì orí lẹ́tà ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ fún, ta ni yóò sọ fún wa pé àmì kékeré kò já mọ́ nǹkan?

Crowther sì rí ìbànújẹ́ tí ó yẹ kí ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó, ó sì jó àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti fi ọdún 11 kó jọ láti fi tún ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Àtúnṣe tí ó wà ní ibì kan ṣoṣo, ẹ̀wù tí a sá sí ọ̀nà iná ni.

Ní báyìí ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ wa. Ní ọdún 1983 ni Microsoft Word kọ́kọ́ jáde, ó sì pẹ́ tí òun àti àwọn irú rẹ̀ ti ń fi àmì sí àtúnṣe. Ní ọdún 2014 ni Google Docs náà fún àwọn tí wọ́n jọ ń kọ ìwé kan ní ọ̀nà láti dábàá àtúnṣe láìyí ìpìlẹ̀ padà. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ará ìṣáájú kọ́ wa ni a ó fi lò wọ́n.

Èkíní, kí a tan àmì náà kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan ìwé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti dàrú. Ẹni tí ó ni ìwé lè fi ọ̀rọ̀ àṣírí tì í, kí ẹlòmíràn má baà pa á. Èkejì, kí olúkúlùkù kọ̀wé ní orúkọ ara rẹ̀. Kí a má sì gbẹ́kẹ̀lé àwọ̀ tí ẹ̀rọ fún wa, nítorí ẹni tí àmì rẹ̀ pupa lórí ẹ̀rọ mi lè jẹ́ aláwọ̀ ewé lórí ẹ̀rọ tìrẹ. Orúkọ ni kí a wò. Ẹ̀kẹta, kí a ṣe bí Aristarchus: bí àtúnṣe bá tóbi, kí a kọ ìdí rẹ̀ sí etí ìwé. Ẹ̀kẹrin, kí a yan ẹnìkan tí yóò ṣe ìdájọ́, tí yóò máa gba àtúnṣe tàbí kọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́tìnì kan wà tí ó ń gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ láìkà á kò yàtọ̀ sí àwọn adàwékọ tí ó gbá ìràwọ̀ Origen dànù. Bí ẹni méjì bá sì ti ṣe àtúnṣe sí ẹ̀dà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a má ṣe fi ojú lásán dà wọ́n pọ̀: ẹ̀rọ náà lè fi ẹ̀dà méjì wé ara wọn, kí ó sì fi gbogbo ìyàtọ̀ hàn. Ẹ̀karùn-ún, kí a fi ẹ̀dà ìṣáájú pamọ́ sí ibòmíràn kí a tó ṣe ìdájọ́, nítorí iná Èkó.

Ẹ̀kẹfà ni ó kù, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbàgbé. Ẹ̀rọ lè bo àmì mọ́lẹ̀ kí ìwé lè mọ́ lójú wa, ṣùgbọ́n bíbò kì í ṣe yíyọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ìgbìmọ̀ tí Detlev Mehlis ṣe olórí rẹ̀ mú ìròyìn wá fún Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé nípa bí a ti pa Rafik Hariri, ẹni tí ó ti ṣe olórí ìjọba Lẹ́bánónì rí. Wọ́n ti yọ orúkọ àwọn ènìyàn ńlá kan kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà ti kọ̀ǹpútà tí ó dé ọwọ́ àwọn oníròyìn ṣì ní àmì àtúnṣe nínú. Wọ́n ṣí i, wọ́n sì rí orúkọ tí a yọ àti wákàtí tí a yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì gba gbogbo ayé kan. Nítorí náà, bí ìdájọ́ bá ti parí, kí a gba èyí tí a ó gbà, kí a kọ èyí tí a ó kọ̀, kí a yọ gbogbo ọ̀rọ̀ etí ìwé kúrò, kí a sì wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó jáde.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ rí i pé ọ̀nà méjì ni a fi ń ṣìnà. Àwọn kan sọ àmì nù nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí, bí ti àwọn tí ó da ìwé Origen kọ. Àwọn mìíràn fi àmì sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ti parí, bí ti ìròyìn ọdún 2005. Àkókò ni ó ya ọlọ́gbọ́n sọ́tọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń jíròrò, kí àmì wà ní gbangba pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó fi í síbẹ̀. Nígbà tí a bá ti fohùn ṣọ̀kan, kí a kó o kúrò bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ ṣe ń bọ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ń fi àmì sí àtúnṣe rẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó kọ ìwé ṣáájú rẹ̀, ó sì ń jẹ́wọ́ pé òun náà lè ṣìṣe. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìwé tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ sì fi òtítọ́ àti ẹ̀sọ̀ tún ṣe, àwọn ọmọ wa ni yóò jẹ èrè rẹ̀.